Ibi tí mò ń gbé ráàkì plating lọ kí wọ́n bá mi bọ́ ọ l'Óṣogbo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe plating (fífi iná mànàmáná bo ara irin pẹ̀lú nikẹ́ẹ̀lì tàbí kíróòmù) l'Óṣogbo, ẹ jẹ́ n sọ ti ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìgbónà fún yín, iṣẹ́ wọn wù mí gan-an. Ráàkì tá a fi ń so ọjà kọ́ sínú omi plating ni wọ́n ń bá èèyàn bọ́, ìyẹn ni pé wọ́n ń yọ ohun tó ti gùn lé ẹnu ẹ̀ kúrò. Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n, gbogbo ìgbà tá a bá ti ri ráàkì bọ omi ni ẹnu ẹ̀ náà ń gba nikẹ́ẹ̀lì, á máa gùn lé ara wọn títí á fi di kókó, iná ò ní dé ara ọjà dáadáa mọ́. Òòlù àti fáìlì ni ọ̀pọ̀ wa fi ń gbá a dànù, rọ́bà tó bo ráàkì á sì ya.

Kí ọ̀gá ibẹ̀ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, á kọ́kọ́ bi yín, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló wà lára ẹ̀? Ṣé kì í ṣe inú sáyánáìdì ló ti ń bọ̀?" Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní gbé e sún mọ́ ásíìdì rárá, ó sì tọ̀nà, torí tí sáyánáìdì, májèlé tó máa ń wà nínú omi plating kan, bá pàdé ásíìdì, gáàsì tó máa jáde lè pa èèyàn kíákíá.

Kíróòmù ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ, nínú ásíìdì hydrochloric, torí ásíìdì nitric ò ràn án. Wọ́n á wá ṣan ráàkì dáadáa kó tó wọ nitric, ìdajì ásíìdì ìdajì omi, omi ni wọ́n sì ń bù sílẹ̀ kí wọ́n tó da ásíìdì lé e. Nitric á jẹ nikẹ́ẹ̀lì àti bàbà, á fi irin stainless tí ẹnu ráàkì jẹ́ sílẹ̀, àmọ́ tí hydrochloric bá ṣẹ́ kù lára ẹ̀ stainless náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ráàkì tí ẹnu ẹ̀ jẹ́ bàbà, wọn kì í gbà á.

Èéfín pupa rúsúrúsú tó ń jáde nínú nitric yẹn, ẹ bẹ̀rù ẹ̀ o! Èèyàn lè fà á símú kó má mọ nǹkan kan lára, á lọ sílé, á jẹun, tó bá dòru omi á ti kún ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀. Fáànù ńlá ló ń fa èéfín síta níbí, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà dé igunpá, bọ́ọ̀tù, àti ike tó bo gbogbo ojú. Nose mask tá a lò nígbà kòrónà ò lè dá gáàsì yẹn dúró, ẹ má tan ara yín.

Omi ìdọ̀tí ẹ̀ kì í wọ gọ́tà. Kọ́síìkì ni wọ́n fi ń pa agbára ásíìdì náà, nikẹ́ẹ̀lì á wá silẹ̀ bí ẹrẹ̀ aláwọ̀ ewé, wọ́n á gbọ́n ọn sínú dúrọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀. Èyí ló dùn mọ́ mi jù, torí odò Ọ̀ṣun ni ọ̀gbàrá ìlú wa ń wọ́ lọ, etí odò yẹn náà sì ni Igbó Ọ̀ṣun wà, tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005.

Owó wọn ga ju tàwọn olóòlù lọ, wọn kì í sì í yára, tẹ́ ẹ bá ní iṣẹ́ oníbàárà lọ́wọ́ ẹ tètè gbé e lọ. Rọ́bà ráàkì mi kan ká létí, ṣùgbọ́n ó ti sán tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti sọ fún mi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin àbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ìdádúró yẹn ló gba àbọ̀ tó kù.