Ṣájà aláìlówáyà inú náílọ̀n: kóìlì rẹ̀ dáa, díóòdù rẹ̀ ni kò dáa

Bọ́ọ̀dù méjì ló wà nínú náílọ̀n náà, kọ̀ọ̀kan sì ní kóìlì tirẹ̀, ìyẹn wáyà tí wọ́n ká. Èyí tó ń fi iná ránṣẹ́ ń jẹ 12 V. Èyí tó ń gbà á, wọ́n kọ 5 V 1 A sí i lára. Kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ kankan. Ẹni tó bá ń tún fóònù ṣe ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ á ti rí irú rẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa rẹ̀ kò yàtọ̀: kò yá, ó sì ń gbóná. Ọ̀pọ̀ á ní kóìlì ló fà á, wọ́n á lọ ra èyí tó tóbi jù ú lọ. Kóìlì ò jẹ̀bi. Bó ṣe wà yẹn, mo fún un ní 2 nínú 5. Lẹ́yìn àtúnṣe, 4.

Ẹ wo díóòdù mẹ́rin (ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo kọjá) tó wà nítòsí kóìlì lórí bọ́ọ̀dù tó ń gba iná. M7 ni wọ́n kọ sí wọn lára. 1N4007 náà ni, wọ́n kàn ṣe é ní pẹlẹbẹ ni. Iná ilé, 50 Hz, ló bá a mu. Iná tó ń jáde nínú kóìlì ju 100 kHz lọ, kò sì pé microsecond 5 (microsecond kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá) tó fi ń yíjú padà. M7 ń gba nǹkan bíi microsecond 2 kó tó dí ọ̀nà mọ́ ọn. Ní gbogbo ìgbà yẹn, iná ń ṣàn padà, ooru ló sì ń dà.

Ìyẹn nìkan kọ́. Nínú díóòdù mẹ́rin yẹn, méjì ni iná ń gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. M7 lè jẹ tó 1.1 V ní 1 A. Méjì jẹ́ 2.2 V, ìyẹn 2.2 W tó ti ṣòfò kí fóònù tó rí 5 W tirẹ̀. Ẹ fi 7.2 pín 5: ìdá 69 nínú 100 ló dé ọ̀dọ̀ fóònù. SS14, tó jẹ́ Schottky (irú díóòdù tó yára, tí kì í jẹ fóòtéèjì púpọ̀), kì í jẹ ju 0.5 V lọ ní 1 A; méjì jẹ́ 1 V. Ẹ fi 6 pín 5: ìdá 83. Ẹ ò tíì fọwọ́ kan kóìlì o.

Ara SMA (ìwọ̀n ara pẹlẹbẹ) kan náà ni SS14 àti M7 ní, nítorí náà ojú ibi tí ọ̀kan ti kúrò ni èkejì máa jókòó sí. Ẹ máa pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo ibi tí ìlà funfun kọjú sí. Bí ẹyọ kan bá yí, bọ́ọ̀dù tó ń fi iná ránṣẹ́ á gbóná kíákíá.

Ibi tí àtúnṣe yìí ti máa ń bàjẹ́ rèé: M7 lè dá 1000 V dúró, 40 V péré ni SS14 lè dá dúró. Tí fóònù bá kún, tí kò fa iná mọ́, fóòtéèjì á gòkè. Kí ẹ tó jó ohunkóhun, ẹ fi mítà wo D.C. (iná tí kì í yíjú padà) lórí kàpásítọ̀ ńlá nígbà tí kóìlì méjèèjì súnmọ́ ara wọn láìsí ẹrù, ìyẹn láìsí ohun tó ń fa iná. Bó bá ju 30 V lọ, SS110 ni kí ẹ lò. 100 V ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè jẹ tó 0.85 V, èrè yín á dín kù gan-an. Ooru tún ń mú kí Schottky máa jò, nítorí náà ẹ má fi bọ́ọ̀dù náà sábẹ́ páànù láìsí afẹ́fẹ́.

Bí 7805 (ohun kékeré tó ń sọ fóòtéèjì di 5 V) bá wà lẹ́yìn díóòdù, ẹ yọ ọ́. Bí 9 V bá wọlé, 4 W ló máa sun ní 1 A. Bọ́ọ̀dù kékeré MP1584, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn láìfi iná ṣòfò púpọ̀, sàn jù ú lọ; kí ohun tó wọlé sí i má kàn ju 28 V lọ.

Ẹ má fi mítà lásán wọn A.C. (iná tó ń yíjú padà) lẹ́nu kóìlì, ọ̀pọ̀ wọn kò lè ka 100 kHz, irọ́ ni yóò pa. Ẹ fi resistor 5 ohm, 10 W, ṣe ẹrù, kí ẹ wọn V àti A ní D.C. níbi tí iná ti ń wọlé àti níbi tó ti ń jáde, ṣáájú àtúnṣe àti lẹ́yìn rẹ̀, kí àlàfo kóìlì má sì yí padà.

MOSFET (súìṣì kékeré tí wọ́n ń fi iná ṣí, tí wọ́n sì ń fi iná tì) dípò díóòdù ló dára jù: 0.03 ohm lọ́nà méjì, 0.06 W ní 1 A. Àmọ́ ìgbà tó yẹ kí ó ṣí àti kí ó tì kò rọrùn láti fi ọwọ́ tò. Ẹni tó bá fẹ́ èyí, kó ra bọ́ọ̀dù Qi (ìlànà ṣájà aláìlówáyà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò) tó ní bq51013B ti Texas Instruments. Inú rẹ̀ ni MOSFET náà wà. Bọ́ọ̀dù Qi ni kí ẹ fi bá a rìn o, torí bọ́ọ̀dù 12 V inú náílọ̀n yìí kò gbọ́ èdè rẹ̀.