Kámẹ́rà àbí àmì GPS tó ta padà: èwo ni ká fi ṣọ́ títì Adó-Èkìtì?

Ní oríta Fájuyì, kámẹ́rà á ya tírélà sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀kadà, á sì ka nọ́ńbà ọkọ̀. Ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá bolẹ̀, tí iná òpópónà sì kú, ojú rẹ̀ fọ́ nìyẹn.

Àmì GPS, ìyẹn àmì tí sátẹ́láìtì ń rán wá láti òfuurufú, ò mọ òkùnkùn; èyí tó bá ta lára mọ́tò padà la fi ń mọ̀ pé ọkọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ agbàmì méjì ló fẹ́: ọ̀kan kọjú sókè láti gba àmì tó ń bọ̀ tààrà, èkejì kọjú sí títì láti gba èyí tó ta padà. Ọwọ́ ọ̀tún ni àmì náà ń yí bọ̀, tó bá ta lára irin mọ́tò, púpọ̀ rẹ̀ á yí sí òsì, nítorí náà, èyí tó ń gba àmì tó yí sí òsì ni kí èkejì jẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àmì tó ta padà kì í lágbára, sátẹ́láìtì sì ń rìn, ibi tó ń ta sí náà ń ṣí kiri. Ọkọ̀ méjì tó fara kanra lè di ọ̀kan lójú rẹ̀.

Fún kíka ọkọ̀, kámẹ́rà la ó mú. Fún mímọ̀ bóyá títì ń lọ tàbí ó ti dí lóru, GPS náà gbìyànjú.