Ẹ má sanwó Hampta lóṣù kẹrin o: ohun tójú wa rí ní Manali

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹ ń kàwé ní Punjab àti Chandigarh ní Íńdíà, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ń múra àtilọ sí Manali tí ọlidé bá dé. Ẹ lọ o, ìlú náà dára. Àmọ́ tí ọkùnrin kan bá dá yín dúró ní Mall Road, òpópónà ọjà ìlú náà, tó kó fọ́tò àwọn òkè dání, tó ní òun á mú yín rìn gba Hampta Pass, ọ̀nà tó gba àárín òkè, kọjá, ẹ máa bá tiyín lọ. Owó tiwa ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Àwa mẹ́rin la lọ lóṣù kẹrin. Ó ní ká mú rúpì 8,000 wá lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, àgọ́, oúnjẹ àti amọ̀nà ti wà nínú ẹ̀, ká san ìdajì sílẹ̀. Ibi tí mo ti gọ̀ nìyí: nígbà tí mo gbé fóònù lé QR ẹ̀, orúkọ tó jáde kì í ṣe èyí tó wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù. Mo bi í. Ó ní ti àbúrò òun ni. Mo sì tẹ̀ ẹ́! Bébà tó já lára ìwé ọmọ iléèwé ló fi kọ rìsíìtì, kò sí nọ́ńbà, kò sí àdírẹ́sì.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì, a ti gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, eyín wa ń gbá ara wọn nítorí òtútù. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Fóònù ẹ̀ ń dún, kò gbé e. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé yìnyín ti dí ọ̀nà, pé àsansílẹ̀ kì í padà. Bàbá tó ń ta tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló là wá lójú: nǹkan bí oṣù kẹfà ni wọ́n tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba Hampta. Ó ga tó mítà 4,270, yìnyín kì í tètè kúrò níbẹ̀. Oníjìbìtì yẹn mọ̀ kó tó gbowó.

Ó tún ta “tíkẹ́ẹ̀tì” tẹ́ńpìlì fún wa, rúpì 300 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tá a dé tẹ́ńpìlì òrìṣà Hadimba láàárín igbó igi kédárì, kò sẹ́ni tó bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Bàtà nìkan lẹ máa bọ́, kẹ́ ẹ sì tẹ orí ba wọlé, torí ilẹ̀kùn náà kúrú. Igi ni wọ́n fi kọ́ ọ lọ́dún 1553, àpáta tí wọ́n ní ipasẹ̀ òrìṣà náà wà lára ẹ̀ ló wà nínú. Àwọn ìyá tó ń gbé ehoro funfun kiri níta ńkọ́? Tí wọ́n bá ti lè gbé e lé yín lọ́wọ́ pẹ́nrẹ́n, ẹ ti jẹ wọ́n lówó fọ́tò nìyẹn. Ẹ ká ọwọ́ kò.

Omi gbígbóná tí wọ́n ń wẹ̀ ní tẹ́ńpìlì Vashisht náà, ọ̀fẹ́ ni, tọkùnrin lọ́tọ̀, tobìnrin lọ́tọ̀. Láti ibẹ̀, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé Jogini, omi tó ń dà wálẹ̀ látorí àpáta, láìgba amọ̀nà. Ohun tá a padà ṣe nìyẹn, inú oko ápù la gbà kọjá, kò sì ná wa ju owó bisikíìtì lọ. Òun ni mo gbádùn jù.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ti sanwó fún irú wọn, ẹ má jókòó máa bẹ̀ ẹ́ lórí WhatsApp bíi tiwa. Ọjọ́ kẹrin la tó pe 1930, nọ́ńbà ìjọba Íńdíà fún jìbìtì orí fóònù. Wọ́n ní ká ti pè lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an, nígbà tí owó ṣì lè wà nínú àkáǹtì ẹ̀. Nọ́ńbà ìsanwó tó wà lójú áàpù yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè, ẹ má pa á rẹ́.