Orí ńlá àbí orí kékeré? Èwo ni ká fi ṣe àwòkọ́ṣe fún pátákó ìpolówó ẹ̀bá títì?

Lysippos, agbẹ́re ará Gíríìsì ayé àtijọ́, máa ń dín orí kù: ó tó ìdá kan nínú mẹ́jọ gíga ènìyàn. Ara gún régé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó ń wo ère náà kàn ń rìn kiri ni.

Agbẹ́gilére Yorùbá kò tilẹ̀ dá irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ lóhùn. Ẹ wo ère ìbejì: orí nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdámẹ́ta ara, ẹyinjú yọ síta, irun rẹ̀ ga ṣọnṣo, wọ́n sì fi aró kùn ún. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Kúkurú báyìí. Orí lẹlẹ́dàá, òun ni kó gbàyè.

Fún pátákó ẹ̀bá títì, tiwa ni mo fara mọ́: ẹ jẹ́ kí ohun kan ṣoṣo tóbi, kí ìyókù kéré gan-an. Ẹni tó wà nínú dánfó kò ráyè ka ọ̀rọ̀ púpọ̀.