Rapid test, ELISA, PCR: èwo ló yẹ kí ọlọ́sìn Kàbà àti Yàgbà fowó rà?

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ dáhùn ìbéèrè kan: ṣé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá fáírọ́ọ̀sì wà lára ẹran yín báyìí, àbí ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ara rẹ̀ ti ní ààbò? Ẹran tó ń ṣàìsàn nílò àyẹ̀wò tó ń wá fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Èyí tó ń wá ààbò inú ẹ̀jẹ̀ wà fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ àjẹsára múlẹ̀. Ewúrẹ́ tó gba abẹ́rẹ́ káta (àrùn fáírọ́ọ̀sì tí a ń pè ní PPR) lè gbé ààbò náà kiri fún ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àyẹ̀wò kò sì lè sọ bóyá abẹ́rẹ́ ló fà á tàbí àrùn. Ẹni tó bá ra irú kíìtì yìí fún ewúrẹ́ tí imú rẹ̀ ń ṣomi ti sọ owó sígbó. Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹtajà kì í ṣàlàyé nìyí, nítorí náà ẹ ka ara páálí fúnra yín.

Rapid test, àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀, ló yá jù. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún, èsì ti jáde nínú ọgbà ẹran níbẹ̀. Fún káta, ẹ fi swab (òwú orí ọ̀pá) gba omi ojú ewúrẹ́ tí ìgbóná ara rẹ̀ ti kọjá 40°C, tí àìsàn rẹ̀ kò tíì ju ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin lọ. Ẹ rò ó pọ̀ mọ́ omi tó bá kíìtì wá, kí ẹ kán iye tí ìwé inú páálí sọ, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Ìlà C, tó ń fi hàn pé kíìtì ṣiṣẹ́, gbọ́dọ̀ yọ. Bí kò bá yọ, kíìtì ti bàjẹ́, ohunkóhun tí ìlà T, tó ń sọ bóyá fáírọ́ọ̀sì wà, bá sọ kò já mọ́ nǹkan kan. Bí C àti T bá jọ yọ, fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ì báà jẹ́ pé T kò hàn ketekete. Ṣùgbọ́n ìlà tó yọ lẹ́yìn tí àsìkò kíkà ti kọjá kì í ṣe ẹ̀rí.

Àléébù rẹ̀ ni pé fáírọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ pọ̀ kó tó rí i, nítorí náà C nìkan kò dá agbo láre. Ẹ yẹ ẹran mẹ́ta sí márùn-ún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná wò. Ooru wa náà tún ń bà á jẹ́: 2 sí 30°C ni wọ́n sábà máa ń kọ sára páálí, ẹ̀ẹ̀rùn Kàbà sì máa ń kọjá 35°C lọ́sàn-án. Ẹ má ra èyí tí wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù tí oòrùn ń pa.

ELISA, àyẹ̀wò láàbù tí a sábà máa ń fi wá ààbò inú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ohun tí ọlọ́sìn kan ń rà délé. Àwo oníhò 96 ni, ó ń fẹ́ fíríìjì àti ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ sì sanwó iye ẹran. Ó bá agbo ńlá tó fẹ́ yẹ àjẹsára wò mu. Fún lùkúlùkú adìẹ, ẹ béèrè HI náà, àyẹ̀wò láàbù mìíràn tó ń wá ààbò inú ẹ̀jẹ̀, torí owó rẹ̀ sábà máa ń fúyẹ́ ju ELISA lọ. Ẹ lo tẹ́ẹ̀bù oníderí pupa, ẹ dá a dùbúlẹ̀ díẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ẹ sì da omi rẹ̀ tó mọ́ sínú tẹ́ẹ̀bù mìíràn kó tó wọ mọ́tò. Bí ẹ bá gbé e lọ bẹ́ẹ̀, kòtò ojú ọ̀nà á gbọ̀n ọ́n, omi náà á di pupa, láàbù lè kọ̀ ọ́.

PCR, àyẹ̀wò láàbù tó ń wá fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, ló wọ́n jù, òun náà ló mọ̀ jù: ó ń rí fáírọ́ọ̀sì tí rapid test kò rí. Ẹlẹ́dẹ̀ ni kí ẹ má ṣe fi rapid test dá láre. Ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kò ní oògùn, nítorí náà ẹ lọ tààrà sí PCR, kí ẹ má sì ta ìkankan nínú wọn kí èsì tó dé. Tẹ́ẹ̀bù EDTA oníderí àlùkò ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́. Heparin, oníderí àwọ̀ ewé, máa ń dí PCR lọ́wọ́. Swab tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ike ni kí ẹ lò, torí ti onígi lè ba iṣẹ́ jẹ́.

Láàbù àgbà ni NVRI, ilé ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀, ní Vom, ìpínlẹ̀ Plateau, tó ti wà láti 1924. Láti Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀, ẹ óò gba Kàbà, Lọ́kọ́ja, Àbújá, kí ẹ tó kọrí sí Jọs, odindi ọjọ́ kan ni. Ẹ fi yìnyín kún kúlà, ẹ di tẹ́ẹ̀bù sínú ọ̀rá méjì pẹ̀lú òwú láàárín wọn, kí yìnyín má kan án ní tààrà. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì bíi yìnyín, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á bẹ́.

Ẹni tó ní ogún ewúrẹ́, rapid test tó ń wá fáírọ́ọ̀sì ni kó kọ́kọ́ rà, kó fi PCR ẹyọ kan jẹ́rìí sí i, kó sì sọ fún dókítà ẹran ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹran sára tẹ́ẹ̀bù, kì í ṣe sórí ìdérí, torí ìdérí máa ń pààrọ̀ ara wọn. Nínú fọ́ọ̀mù, ẹ kọ ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹran gba àjẹsára gbẹ̀yìn, pàápàá tó bá jẹ́ La Sota, àjẹsára lùkúlùkú adìẹ, torí PCR lè rí fáírọ́ọ̀sì inú àjẹsára náà kó sì pè é ní àrùn.