Galera tàbí PostgreSQL pẹ̀lú Patroni: èwo ni kí ẹ fowó yín rà?

Àwọn tó ń ra sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí ilé ìwòsàn, iye owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi mí. Galera àti PostgreSQL pẹ̀lú Patroni jẹ́ ọ̀nà méjì láti tọ́jú àkọsílẹ̀ kan náà sórí sáfà tó ju ọ̀kan lọ, kí iṣẹ́ má baà dúró bí ọ̀kan bá kú. Ohun tí èmi náà máa ń bi wọ́n rèé: bí sáfà bá kú lójijì nígbà tí èrò kún káńtà, ṣé ẹ lè fara mọ́ ọn kí àkọsílẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan sọnù, àbí ẹ fẹ́ kí akọ̀wé dúró díẹ̀ kí ohunkóhun má baà sọnù? Ìdáhùn yẹn ló yẹ kó yan ọjà fún yín.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ má ra méjì. Sáfà méjì ni ẹgbẹ́ kan lọ́nà Tákíè ní kí n fi ṣe é torí owó, mo sì gbà. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀gá, èkejì jẹ́ arọ́pò tó ń da ohun tí ọ̀gá bá kọ kọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wáyà tó so wọ́n pọ̀ yọ. Arọ́pò rò pé ọ̀gá ti kú, ló bá gorí àga. Ọ̀gá ò kú o, ó ń gbowó lọ. Nígbà tá a máa fi mọ̀, rìsíìtì 4417 wà lọ́wọ́ ìyá aláṣọ kan, ó tún wà lọ́wọ́ awakọ̀ kan, iye owó tó wà lórí wọn ò sì dọ́gba. Odidi ọjọ́ mẹ́ta la fi ka rìsíìtì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlú kan kì í ní Ṣọ̀ún méjì.

Irú rẹ̀ ṣe ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá. Lóṣù Ọ̀wàrà 2018, ìsopọ̀ láàárín àwọn ibùdó GitHub, ilé iṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń tọ́jú iṣẹ́ wọn sí, já ní Amẹ́ríkà fún ìṣẹ́jú àáyá 43 péré. Àkọsílẹ̀ wọn pín sọ́nà méjì, ó sì lé ní wákàtí 24 kí wọ́n tó tún un ṣe tán.

Nítorí náà, mẹ́ta. Bí ọ̀kan bá dá wà, méjì á dìbò, òun á sì jókòó. Ẹ̀kẹta ò gbọdọ̀ wọ́n yín lówó: kọ̀ǹpútà kékeré tí kò ṣe ju ìbò dídì lọ ti tó.

PostgreSQL, tó jẹ́ dátábéèsì (ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀), ti ń fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí arọ́pò bó ṣe ń kọ ọ́ láti 2010, ṣùgbọ́n kì í fúnra rẹ̀ yan ọ̀gá tuntun. Patroni, ètò tí ilé iṣẹ́ Zalando ní Jámánì ṣe, ló ń bá a yàn án. Ètò mìíràn tí wọ́n ń pè ní etcd ni àpótí ìbò. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ láti ilé, ọ̀gá lè dákẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá 30 kí wọ́n tó gbapò rẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń bá yín ṣe é tan synchronous_mode, torí bí kò bá tàn án, ọ̀gá kì í dúró de arọ́pò, ohun tó kọ kẹ́yìn sì lè bá a lọ. Ti synchronous_mode_strict le jù bẹ́ẹ̀: bí kò bá sí arọ́pò, ìkọ̀wé dúró pátápátá. Mo lè gbà á fún ẹgbẹ́ olówó. N ò ní fi sí ilé ìwòsàn láéláé.

Galera, tí àwọn dátábéèsì MySQL àti MariaDB ń lò, kò lọ́gàá. Sáfà tó bá wù yín lẹ lè kọ sí, bí ọ̀kan bá sì kú, àwọn yòókù ń báṣẹ́ lọ láìyan ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ló ti dára ju Patroni lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó lọ́ra jù nínú wọn ló ń fa gbogbo wọn sẹ́yìn, InnoDB (ọ̀nà kan tí MySQL ń gbà tọ́jú tábìlì) ni gbogbo tábìlì gbọ́dọ̀ jẹ́, kí olúkúlùkù sì ní primary key, ìyẹn àmì tó ń ya ìlà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀.

Iná ló ń tú àṣírí Galera. Bí bátìrì bá tán tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú pọ̀ lójijì, wọn lè má dá jí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ óò ṣí fáìlì grastate.dat lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ óò rí safe_to_bootstrap: 0 lórí gbogbo wọn, ìyẹn ni pé kò sí èyí tó sọ pé òun lè kọ́kọ́ dìde láìséwu. Ẹnì kan ní láti wá èyí tó kọ̀wé gbẹ̀yìn, kó fi òun ṣáájú. Bó bá ṣìnà, iṣẹ́ tó kẹ́yìn ti lọ nìyẹn. Patroni lè dá dìde bí iná bá padà. Fún ìlú wa, ìyẹn tó fún mi láti mú Patroni, àfi bí ètò tí ẹ ń lò bá jẹ́ ti MySQL tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tó bá mú Galera, ẹ ra ínfátà àti bátìrì tó dáa ṣáájú sáfà.

Ti yíyá dátábéèsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí Amazon RDS, dọ́là ni wọ́n fi ń ka owó rẹ̀, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì lọ, káńtà yín dúró.

Ẹ ra dísíìkì tí ẹ óò máa tọ́jú ẹ̀dà sí lọ́tọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ṣèèṣì pa tábìlì rẹ́ lórí ọ̀gá, arọ́pò á pa tirẹ̀ rẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ ní kí olùtajà fa wáyà iná ọ̀kan nínú sáfà yọ lójú yín nígbà tí akọ̀wé ń tẹ rìsíìtì lọ. Bó bá jẹ́ Patroni, ti ọ̀gá ni kó fà. Ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá. Bí rìsíìtì tó jáde kẹ́yìn ò bá sí lórí àwọn tó kù, ẹ má sanwó.