Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń gba owó hítà kọ́ọ̀ tí wọn kò pààrọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ọkọ̀ tó ti pẹ́ lójú títì, ẹ ṣọ́ra fún àwọn mẹkáníìkì kan tí wọ́n ń gba owó hítà kọ́ọ̀ tuntun, ìyẹn rédíétọ̀ kékeré tó ń mú afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ gbóná, lọ́wọ́ oníbàárà, nígbà tó jẹ́ pé wọn kò fọwọ́ kan ti àtijọ́ rárá. Rọ́bà méjì tó ń gbé omi gbígbóná láti ẹ́ńjìnnì lọ síbẹ̀, tó sì ń dá a padà, ni wọ́n máa ń yọ, wọ́n á so wọ́n mọ́ra, jíjò á dúró lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé àwọn ti pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà ooru ni, ó di ìgbà tí òtútù bá dé kí ẹni tó ni ọkọ̀ tó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tútù nìkan ló ń jáde, tí ìrì tó bo gíláàsì iwájú kò sì ní tètè mọ́ kó lè ríran wakọ̀.

Ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ni rédíétọ̀ kékeré yìí máa ń wà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀tàn náà fi rọrùn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àfi kí wọ́n tú dáṣíbọ́ọ̀dù kí ọwọ́ tó tó o, owó iṣẹ́ sì sábà máa ń ju owó hítà kọ́ọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Owó iṣẹ́ tí wọn kò ṣe yìí gan-an ni wọ́n ń wá. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ tú, tí wọ́n sì dá a padà láàárín wákàtí kan, ó yẹ kí ẹ fura.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, ẹ tan hítà dé òpin, kí ẹ sì wo ibi tí rọ́bà méjèèjì ti gba ara ògiri irin tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀ wọlé. Bí rọ́bà bá ṣẹ́rí padà sọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì, tí ẹnu páìpù tó yọ lára ògiri náà sì wà lófìfo, a jẹ́ pé wọ́n kàn so wọ́n pọ̀ ni. Bí wọ́n bá wọlé bó ti yẹ, àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ gbóná. Bí ọ̀kan bá tutù, omi kò kọjá dáadáa. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá so rọ́bà pọ̀ ni ọ̀dàlẹ̀ o: olóòótọ́ lè ṣe é kí ọkọ̀ lè délé, ṣùgbọ́n yóò sọ bẹ́ẹ̀, kò sì ní gba owó hítà kọ́ọ̀ tuntun.

Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ dúró kí hítà kọ́ọ̀ bàjẹ́ kí wọ́n tó tà á fún yín. Wọ́n á fi kápẹ́ẹ̀tì tó tutù níbi ẹsẹ̀ èrò iwájú hàn yín, wọ́n á ní ó ti jò, nígbà tó lè jẹ́ pé ihò tí omi ẹ̀rọ amúlétutù ń gbà jáde ló dí. Omi amúlétutù mọ́ kedere. Kúláǹtì, ìyẹn omi ẹ́ńjìnnì tó ń gba inú hítà kọ́ọ̀ kọjá, ní tirẹ̀ ní àwọ̀, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ó ń ta sánsán bí ohun dídùn, ó ń fi ohun bí ọ̀rá sára gíláàsì iwájú, ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì á sì máa dínkù. Ẹ má sì gba ẹni tó bá fẹ́ da oògùn adíhò sínú kúláǹtì dípò iṣẹ́ tí ẹ sanwó fún, nítorí ó lè dí àwọn ọ̀nà tóóró inú hítà kọ́ọ̀ pa.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ pé wọ́n á fi èyí tó jò lé yín lọ́wọ́. Ẹ ya àwòrán hítà kọ́ọ̀ tuntun náà kí wọ́n tó fi í sínú ọkọ̀, kí ẹ sì fi páìpù àti títóbi rẹ̀ wé ti àtijọ́ tí wọ́n bá gbé wá, nítorí àlòkù tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ ẹlòmíràn ni àwọn kan máa ń nà sí oníbàárà.